Mílíìkì ò lè fọ bẹntiróòlù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀

Láti Kàbà dé Ìsánlú, bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fín ọ̀dà mọ́tò, ẹ ó gbọ́ ọ: "Bí o bá ti fa òórùn epo símú, mu mílíìkì, á fọ̀ ọ́ dànù." Àwọn mìíràn ní epo pupa ló dáa jù. Ọ̀gá tó fẹ́ràn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló sì máa ń fowó ara rẹ̀ ra mílíìkì ọ̀hún, ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ọmọ iṣẹ́ á ki rọ́bà bọ kẹ́ẹ̀gì, á fi ẹnu fà á títí bẹntiróòlù á fi kàn án láhọ́n, á tutọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n. Wọ́n á já mílíìkì fún un, á lọ jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tó bá yá, òòyì tó ń kọ́ ọ á lọ, mílíìkì á gba ọpẹ́. Ìsinmi àti atẹ́gùn ló lé òòyì náà lọ. Bó tiẹ̀ jẹ́ omi lásán ló mu, ì bá lọ náà ni.

Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ńsíìnì tó wà nínú bẹntiróòlù kì í bá òòyì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń gba awọ ara wọlé fún ẹni tó ń fi epo fọ gíríìsì ọwọ́. Ikùn ni mílíìkì ń lọ ní tirẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á fọ́ bẹ́ńsíìnì sí wẹ́wẹ́, àwọn ègé náà á sì dé inú mùdùnmúdùn egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, wọ́n á máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó lè di àìtó ẹ̀jẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 1897 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Santesson ti kọ̀wé ní Sweden nípa àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe táyà kẹ̀kẹ́: mùdùnmúdùn egungun wọn ò ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́, wọ́n sì kú.

Àwọn mẹkáníìkì mìíràn á ní: "Mi ò tiẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ó ti mọ́ mi lára." Imú yín ló ti rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 1987, ìdá 1 bẹ́ńsíìnì nínú mílíọ̀nù 1 afẹ́fẹ́ ni òfin gbà kí òṣìṣẹ́ fà símú fún wákàtí 8, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ imú kì í mọ̀ pé bẹ́ńsíìnì wà nílẹ̀ títí yóò fi kọjá ìyẹn dáadáa.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fi owó mílíìkì ra pọ́ńpù ọlọ́wọ́. Ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ọwọ́, ìta gbangba ni kí ẹ ti fín ọ̀dà. Bí àárẹ̀ ò bá lọ, tí èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ara ń lé àpá láìgbá nǹkan, ẹ má kàn máa ra oògùn ibà. Ẹ ní kí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ yín ní ọsibítù, kí ẹ sì sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà.

Bí ọmọ bá sì gbé epo mì, ẹ má fún un ní epo pupa kó lè bì. Bẹntiróòlù tó ń padà bọ̀ lè yà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń pani. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.