Kò sí ìjọba tó ń gba owó orí lórí ìsó màlúù

"Ìjọba ti ya wèrè o, wọ́n fẹ́ máa gba owó orí lórí ìsó màlúù." Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń fi bínú, tọ̀tún-tòsì wọn ló sì gbà pé òótọ́ ni. Irọ́ ni. Ìdí màlúù gan-an ni irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá dúró ti màlúù tó ti jẹun yó, ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹ ó rí i tí nǹkan ṣùṣù kan ń gba ọ̀nà ọ̀fun gòkè bọ̀ lẹ́nu: ó ń jẹ àpọ̀jẹ nìyẹn. Nínú ṣàkì rẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń bá a fọ́ koríko, torí òun nìkan kò lè dá a dà. Níbi iṣẹ́ yẹn ni hydrogen ti ń jáde. Àwọn kòkòrò mìíràn á gbà á, wọ́n á pò ó mọ́ carbon dioxide, ó di methane, gáàsì tó ń mú kí ayé gbóná sí i, tí ìjọba fi ń wá bí wọ́n ṣe máa dín in kù. Bí gáàsì yìí kò bá rọ́nà jáde, ikùn ẹran á wú, ó sì lè pa á. Ìyẹn ni màlúù fi ń gùfẹ̀ léraléra tọ̀sán-tòru. Ẹ kì í gbọ́ ọ, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró kó tó bá èémí jáde, kò sì ní òórùn. Nínú methane tó ń ti ikùn màlúù wá, bíi 90 sí 95 nínú 100 ló ń gba ẹnu àti imú jáde.

Ẹnìkan lè ní kí ló kàn wá nípa ojú ọ̀nà tó gbà. Ó kàn wá, torí ohun tó bá ń gba ẹnu jáde, ohun tó wọ ẹnu lèèyàn lè fi tún un ṣe.

New Zealand ni orúkọ "owó orí ìsó" ti gbajúmọ̀, lọ́dún 2003. Owó tí ìjọba ibẹ̀ fẹ́ gbà nígbà náà, owó ìwádìí lórí gáàsì ẹran lásán ni. Àwọn àgbẹ̀ fárígá, aṣòfin kan wa katakata gun àtẹ̀gùn ilé aṣòfin ní Wellington, ìjọba sì jọ̀wọ́ ẹ̀. Owó náà kú, orúkọ rẹ̀ kò kú.

Dẹ́nmáàkì ni ọ̀rọ̀ ti wá dé orí owó orí gidi. Ní 2024 ni wọ́n fẹnu kò sí i, 2030 ni yóò bẹ̀rẹ̀: 300 kroner, owó ilẹ̀ wọn, lórí tọ́ọ̀nù kan gáàsì ẹran tí wọ́n ṣírò bíi carbon dioxide, tí yóò di 750 ní 2035. Ohun tí àwọn alátakò kì í sọ ni pé wọ́n ti yọ 60 nínú 100 kúrò, ìyẹn ni pé 120 ni àgbẹ̀ máa san gan-an níbẹ̀rẹ̀. Gáàsì tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tú jáde ni wọ́n fi ṣírò ohun tí wọ́n yọ, nítorí náà ẹni tí tirẹ̀ bá kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, owó díẹ̀ ló máa san. Kò sí agbowó-orí tó máa lọ dúró sẹ́yìn màlúù. Iye ẹran, irú rẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sìn ín ni wọ́n ń kọ sílẹ̀.

Kí ni àgbẹ̀ lè ṣe? Ó lè po Bovaer mọ́ oúnjẹ màlúù, ìyẹfun tí Yúróòpù fọwọ́ sí ní 2022. Ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì kan lóòjọ́ tó màlúù kan, ó sì ń dín methane màlúù tí wọ́n ń fún wàrà kù ní nǹkan bí 30 nínú 100.

Ohun tó ń ti ìdí màlúù jáde tó kan òfin ni ìgbẹ́. Bí wọ́n bá kó o jọ sínú adágún tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, òun náà ń mú methane wá. Òfin California ti 2016 ní kí wọ́n dín methane ìgbẹ́ ẹran kù ní 40 nínú 100 sí ti 2013 kó tó di 2030. Owó ìjọba ló ń ran ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti da tapólì bo adágún ìgbẹ́, kí wọ́n sì fa gáàsì rẹ̀ lò.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní Nẹ́dálándì ń sanwó fún àgbẹ̀ kó kó ẹran rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀ràn nitrogen inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran, tó ń ba igbó àti ilẹ̀ wọn jẹ́, ló fà á, kì í ṣe ti methane.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ẹran tó ń jẹ̀ ní pápá. Ìyẹfun Bovaer yẹn kì í pẹ́ nínú ikùn, kò sì sẹ́ni tó máa gbé abọ́ tẹ̀ lé màlúù káàkiri pápá. Ní New Zealand, àwọn onímọ̀ ti ń ṣa àgùntàn tí methane wọn kéré láti ìran wọn wá, wọ́n ń fi wọ́n bímọ. Inú ẹ̀rọ bí àpótí ni wọ́n ń kó wọn sí láti wọn gáàsì tó ń jáde lára wọn. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń wọ̀n, ẹnu ló ti ń jáde, kì í ṣe ìdí.