Àtúnṣe: Bọ́ǹdì aláwọ̀ ewé kì í ṣe títa ilẹ̀ igbó

Wọ́n ń pín in káàkiri lórí WhatsApp l'Óṣogbo pé ẹni tó bá ra bọ́ǹdì aláwọ̀ ewé (green bond) ti ra igbó, pé Igbó Ọ̀ṣun ló kàn. Irọ́ ni. Owó yíyá ni bọ́ǹdì: a yá ìjọba lówó, ìjọba ń san èlé, ó sì ń dá ojú owó padà lọ́jọ́ tó bá pé. Ti aláwọ̀ ewé, iṣẹ́ tó ń ṣe àyíká lóore ni wọ́n ń fi owó rẹ̀ ṣe. Àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbé jáde, lóṣù Kejìlá 2017, jẹ́ ₦10.69 bílíọ̀nù fún ọdún 5. Igi gbíngbìn wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn máa fi ṣe. Kò sí igbó tí wọ́n fi dógò. Igbó Ọ̀ṣun ńkọ́? UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà àgbáyé, ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé, ìyẹn ibi tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò, láti 2005. Bóyá igi tí wọ́n ní àwọn máa fi owó bọ́ǹdì gbìn hù, ìbéèrè gidi nìyẹn.