Àbẹ̀kẹ́ gbé àpótí fíìmù lọ: ṣé olè ni, àbí owó iṣẹ́ rẹ̀ ló gbà?

Akọ̀wé Ìjàyè: Ẹ kú àsìkò yìí o. Láti ìgbà tí mo ti gbé apá kejìlá ìtàn Àbẹ̀kẹ́ jáde ni fóònù mi kò ti sinmi mọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: ìtàn àròsọ ni, kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Ọmọ aládìrẹ ní Ìtòkú ni Àbẹ̀kẹ́. Ó sá tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèré tó wá ṣeré ní Centenary Hall l'Áké, ọ̀gá ẹgbẹ́ fi í ṣe ìyàwó karùn-ún, sinimá wá sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Lọ́jọ́ kan ó fi ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, sílẹ̀, ó bá olówó kan tó níyàwó nílé lọ sí Ìbàdàn, ó sì gbé àpótí fíìmù ọ̀gá dání. Ní báyìí ó ti darúgbó, ó padà wá sí Abẹ́òkúta, ọmọ kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ wí tẹnu yín.

Bàbá Ìjẹmọ̀: Ọmọ yẹn ṣe é re. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí bọ́ọ̀sì òṣèré bá ń fi gbohùngbohùn polongo eré alẹ́, àwa ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé e títí dé Ṣápọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọmọbìnrin ẹni ní òun ń bá wọn lọ? Bàbá rẹ̀ á ní òun kò bí i. Kì í ṣe pé àwọn àgbà kò fẹ́ràn eré o. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó sùn ní Ìlárò lónìí, tó sùn ní Oǹdó lọ́la, kò lè tọ́ ọmọ.

Ìyá Aládìrẹ: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ dákun, ta ló bá a bí ọmọ náà? Ìlárò tí Àbẹ̀kẹ́ sùn, ṣebí ibẹ̀ náà ni ọ̀gá sùn. Ẹ padà ka apá keje. Nígbà tó jẹ́ òṣèré lásán, ó ń gbowó. Ọjọ́ tí ọ̀gá fẹ́ ẹ lowó dúró: ìyàwó òun ni, kí lòun tún fẹ́ san? Ó ń se oúnjẹ ẹgbẹ́, ó ń rán aṣọ eré, ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, bó bá di alẹ́ á tún bọ́ sórí ìtàgé. Ọdún mọ́kànlá! Ọmọ tó ń bá mi fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ ní Ìtòkú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, mo sì ń sanwó fún un ní gbogbo Sátidé.

Ọmọ Lísàbí: Ẹ ṣeun, màmá. Kì í ṣe inú ìtàn àròsọ nìkan o. Hubert Ògúńdé fúnra rẹ̀ fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láwọn ọdún 1940, kò rí obìnrin kankan gbà, àfi ìgbà tó polówó pé akọ̀wé lòun ń wá. Ìgbà tí wọ́n dé ló wá kọ́ wọn léré. Bí òṣèré bá sì lọ fẹ́ ọkọ síta, ọkọ á ní kó fi eré sílẹ̀, gbogbo ohun tí ọ̀gá fi kọ́ ọ ti wọmi. Ìgbéyàwó ni wọ́n fi ń so ẹgbẹ́ ró. Ẹ tún wo Fela, ọmọ Abẹ́òkúta wa ńbí: obìnrin 27 lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1978, àwọn tó ń bá a jó tó ń bá a gberin. Orin la fi ń rántí rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ ọkùnrin méjì pere, ẹ ní ìṣekúṣe ni.

Bàbá Ìjẹmọ̀: Má fi Fela bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Fela kò gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Ìyàwó ilé olówó Ìbàdàn yẹn ńkọ́? Ṣé òun kì í ṣe obìnrin ni? N kò rí ẹni tó bá a sunkún níbí.

Ìyá Aládìrẹ: Ìyẹn, n kò gbà á sílẹ̀ lórí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni mò ń sọ.

Ọmọ Onísinimá, Láfẹ́ńwá: Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Fíìmù ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì wọ́n bí ojú. Ìdí nìyẹn tí olówó fíìmù fi ń gbé e kiri fúnra rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, tí á jókòó ti ẹ̀rọ títí fíìmù á fi parí, torí olè. Ẹ rántí Bàbá Sàlá aláwàdà: fíìmù rẹ̀, *Ọ̀run Móoru*, jáde ní 1982, àwọn ajífíìmù dà á sórí fídíò kí owó tó fi ṣe é tó padà wọlé, gbèsè sì gun orí gbèsè. Ẹni tó bá gbé àpótí, oúnjẹ gbogbo ẹgbẹ́ ló gbé yẹn. Onílù ńkọ́? Dírẹ́bà ńkọ́? Àwọn náà kò rí owó oṣù gbà. Àbẹ̀kẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣáà gbé e.

Ìyá Aládìrẹ: Ta ni kó san owó onílù? Ọdún méjì ni fíìmù ti ń rìn kí Àbẹ̀kẹ́ tó gbé e. Apá kẹsàn-án ní ọ̀gá fi owó rẹ̀ kọ́ ilé alájà, ó tún ra Peugeot 504. Onílù ṣì ń fẹsẹ̀ rìn nígbà náà, kò sẹ́ni tó pe ọ̀gá lólè.

Adékẹ́mi Kútọ̀: Ẹ̀yin ń jà, èmi ń sunkún. Kí ọmọ ṣáà ṣílẹ̀kùn, òjò ń pa màmá.

Bàbá Ìjẹmọ̀: Akọ̀wé, ìwọ lo fà á. Apá méjìlá lo ti kọ, ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tíì sọ gbólóhùn kan. O ti sọ ti ìyá, o ti sọ ti ọ̀gá, àní dírẹ́bà ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ nínú apá kẹfà. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ìdí tí kò fi ṣílẹ̀kùn?

Akọ̀wé Ìjàyè: Ẹ ṣeun, sà. Òun ló ni gbogbo apá kẹtàlá, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Ìyá Aládìrẹ: Bó bá bú ìyá rẹ̀ tí kò bú bàbá rẹ̀, èmi àti ìwọ Akọ̀wé á ríra l'Ítòkú.