Ọ̀dọ́ ti kúrò lóko, iléeṣẹ́ wo ló gbà wọ́n?

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé máa ń sọ pé orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́, àfi kí àgbẹ̀ díẹ̀ máa bọ́ ìlú, kí àwọn tó kù rí iṣẹ́ ṣe ní iléeṣẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdajì rẹ̀ nìkan la ṣe nílẹ̀ Yorùbá níbí: a kúrò lóko, a ò dé iléeṣẹ́.

Ẹ ya Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì lásìkò ìkórè kòkó. Àwọn àgbàlagbà lẹ máa bá tí wọ́n ń fọ́ kòkó, tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kó lè kan, kí wọ́n tó sá a. Bí òjò bá ká a mọ́ ibi tí wọ́n sá a sí, tó bá bu, ẹni tó fẹ́ rà á á yọ nínú owó rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn dà? Wọ́n wà ní Àkúrẹ́, ní Ìbàdàn, ní Èkó, lórí ọ̀kadà, nídìí POS. Mi ò bú iṣẹ́ wọn, òógùn ojú wọn ni wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà mẹ́wàá tó wà ní oríta kan bá di ogún, èrò ò tìtorí ẹ̀ pọ̀ sí i. Owó kan náà ni wọ́n jọ ń pín. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ kòkó, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kọjá ohun tí ogún èèyàn lè fọwọ́ ṣe. Ibẹ̀ ni owó oṣù gidi ti ń wá.

A kúkú ti bẹ̀rẹ̀ rí. Owó kòkó wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955, ó wà nínú Cocoa House tí wọ́n parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Àgbẹ̀ ló sì ru ẹrù rẹ̀, torí iye tí Bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ra kòkó (Marketing Board) ń san fún wọn kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Owó orí àti owó kòkó tí kò tó nǹkan wà lára ohun tó bí ogun Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé, ọjà òkèèrè wọlé wìtìwìtì. Igi rọ́bà ń bẹ lóko wa, síbẹ̀ Michelin ti iléeṣẹ́ táyà rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Iná ò dúró, dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, ìjọba sì tún dín owó ibodè táyà òkèèrè kù. Ta ló máa rí ìyẹn tí kò ní kó ẹrù ẹ̀?

Ìdí nìyí tó fi máa ń dùn mí bí àwọn aláṣẹ bá ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kí wọ́n padà sóko. Pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá? Arthur Lewis, onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979, ti sọ fún ìjọba Gold Coast (Gánà òde òní) láti 1953 pé kí wọ́n kọ́kọ́ mú kí oko oúnjẹ so dáadáa kí wọ́n tó sáré kọ́ iléeṣẹ́. Òdodo ọ̀rọ̀ ni: bí gaàrí bá wọ́n, owó oṣù wo ló máa tó òṣìṣẹ́ jẹun?

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn gómìnà wa ò ju èyí lọ: kí iná tó ṣeé gbára lé kọ́kọ́ dé àwọn ìlú tí kòkó, ẹ̀gẹ́ àti rọ́bà ti ń jáde, kí ọ̀nà oko wọn ṣeé gbà lójò, kí ọmọ àgbẹ̀ lè ríṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe láì kúrò ní Ilé-Olújì.