Ẹ Sọ Ibi Tí A Ó Gé E Dé Fún Wa!

Inú ń bí mi, n kò sì ní bò ó mọ́ra. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń fọwọ́ ara mi kan ọkọ̀ òfuurufú oníjòkòó méjì nínú gáréèjì mi ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà. Mo kan apá, mo kan ìrù, mo lu rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó kékeré tí a fi ń so páànù mọ́ra) tí n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́, n kò rojọ́ fún ẹnì kankan. Alumíníọ̀mù ṣì máa ń ṣàánú ẹni. Bí o bá lu ihò wọ́, wàá yọ rífẹ́ẹ̀tì yẹn, wàá lu èyí tó tóbi jù ú lọ díẹ̀ síbẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Kánọ́pì ló jẹ́ kí ojú mi rí màbo.

Kì í ṣe kánọ́pì òde ìnáwó ni mò ń wí o. Ìbòrí ike ni, tó mọ́ gaara bíi dígí, tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, tó máa ń bo awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà fún àwa tí à ń kàn án fúnra wa á mọ ọ́n nínú ooru, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sí ọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú etí tó ṣẹ́ kù yíká. Ìwọ lo máa gé e títí yóò fi bá férémù mu. Kí ni ìwé ìlànà wọn wá sọ? Wọ́n ní kí n máa gé e díẹ̀díẹ̀, kí n máa gbé e wò, títí yóò fi jókòó dáadáa. Ó parí! Jókòó dáadáa báwo? Mílímítà mélòó ló yẹ kó wà láàárín ike àti férémù? Wọn ò sọ.

Ó ju ogójì ìgbà lọ tí èmi àti ìyàwó mi gbé nǹkan yìí. Ó di etí kan mú, mo di èkejì, a gbé e lé férémù, mo fàmì sí i, a gbé e padà sórí tábìlì, mo gé ohun tí kò ju èékánná lọ, a tún gbé e. Gé ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀; bó bá sì ti sọ̀kalẹ̀, iwájú tó ti bá a mu lánàá á tún la ẹnu sílẹ̀. Ayùn eléyín kò gbọ́dọ̀ kàn án, díìsì tó ń lọ̀ ọ́ ni. Bí o bá gé e tán, wàá fi sáńpépà pa etí rẹ̀ títí yóò fi dán bí ẹyin, nítorí ibi tí ojú bá ti rí pálapàla ni yóò ti sán. Òtútù sì rèé: ní oṣù Kìíní, ìta máa ń tutù kọjá ogún dígírì Celsius nísàlẹ̀ òdo níbí, ike yìí á sì gan bíi bísíkíìtì. Mo ní láti fi hítà mú gáréèjì gbóná dé dígírì 27, kí n máa làágùn nínú ọyẹ́, kí n tó lè fọwọ́ kàn án.

Mo fara da gbogbo ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ihò síkúrúù ni n kò lè dárí jì. Tí ojú ọjọ́ bá fi ọgbọ̀n dígírì yí padà, ike tó gùn ní mítà kan àtààbọ̀ á fẹ̀ tàbí kó sún kì ní nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta. Alumíníọ̀mù tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní ju mílímítà kan lọ. Ìdí rèé tí ihò inú ike fi gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju síkúrúù lọ, kó lè ráyè rìn. Ṣé ẹ mọ ibi tí ìwé yẹn ti sọ ọ́? Ojú ewé mẹ́sàn-án LẸ́YÌN ibi tó ti ní kí n lu ihò! Mo ti lu gbogbo rẹ̀ tán. Mo ń yí síkúrúù kẹfà lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ "kàà!" bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ìlà kan tín-ín-rín bí irun jáde látinú ihò, kò ju ìka kan lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti gùn tó apá mi láti ìgúnpá, ó sì gba iwájú ojú awakọ̀ gan-an kọjá. Mo lu ihò kékeré sí ibi tí ìlà náà parí sí kó má bàa lọ mọ́, ó dúró lóòótọ́. Àmọ́ ta ló fẹ́ fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ojú ọ̀run? Owó tó lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là ló wọlẹ̀ lọ yẹn, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀ akẹ́rù.

Àwọn èèyàn ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo fẹ̀sọ̀ mú un. Ó bàjẹ́.

Àwọn kan á ní òfin FAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ló sọ pé ẹni tó ń kan ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ. Mo gbà. Iṣẹ́ ò bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n òfin wo ló ní kí ìwé ìlànà máa pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú? Wọ́n tún ní kánọ́pì méjì kì í bára dọ́gba. Férémù ńkọ́? Ṣé òun náà kì í dọ́gba?

Kánọ́pì kejì ti dé báyìí. Ó wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, n kò sì ní ṣí i títí ooru oṣù Keje yóò fi dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ìwé yẹn, kó tó dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú rúlà, ẹ lọ wọn èyí tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ti kàn parí, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀.