Ẹ Yé Pa Fọ́nrán Ètò Tẹlifíṣọ̀n Rẹ́

Ní oṣù kejì ọdún 1968, Johnny Carson, atọ́kùn The Tonight Show lórí NBC ní Amẹ́ríkà, gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún Harry Belafonte. Aláwọ̀ dúdú ni Belafonte, olórin ni, ọ̀rẹ́ kòríkòsùn Martin Luther King sì ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, King wá jókòó síwájú rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ Robert Kennedy wá. Sidney Poitier, Lena Horne àti Paul Newman náà yọjú. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún yẹn gan-an ni wọ́n yìnbọn pa King. Kennedy tẹ̀lé e ní oṣù kẹfà. Alẹ́ márùn-ún ni Belafonte fi ṣe ètò náà, wákàtí kan ààbọ̀ lálaalẹ́. Nínú gbogbo rẹ̀, àwòrán ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú King àti pẹ̀lú Kennedy nìkan ló ṣẹ́kù. Ìyókù kò jóná, olè kò sì jí i. Ilé iṣẹ́ tó ni ín ló pa á rẹ́, tó fi ètò mìíràn gba orí fọ́nrán náà.

Èrò tiwa ni pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kankan kò gbọdọ̀ dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́, ì báà jẹ́ ní New York, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, òfin ló sì yẹ kó dè é lọ́wọ́.

Ẹni tó bá mọ ìtàn ètò alaalẹ́ yóò mọ bí àdánù náà ti pọ̀ tó. Steve Allen ló bẹ̀rẹ̀ The Tonight Show ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1954. Òun ló gbé tábìlì àti àga àlejò kalẹ̀, tó ń fi àwàdà ṣí ètò, tó ní ẹgbẹ́ olórin lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ń gbé kámẹ́rà jáde lọ bá àwọn tó ń kọjá lójú títì. Títí dòní ni àwọn atọ́kùn ń jẹ lára ohun tó fi sílẹ̀. Jack Paar gbà á ní 1957. Ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń ká lára ni Paar, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìtàkúrọ̀sọ ti di òpómúléró ètò náà. Carson gorí àga ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1962, kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí di ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1992. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, Groucho Marx ló fà á lé òǹwòran lọ́wọ́; Joan Crawford, Tony Bennett àti Mel Brooks wà níbẹ̀. Ohùn díẹ̀ ni a ṣì lè gbọ́ nínú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ ti lọ. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tó ṣe ní New York kó tó kó ètò lọ sí Burbank ní California ní 1972. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí Carson ṣe kọ́ iṣẹ́, àwàdà tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín àti bó ṣe ń yọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kò ríbi wò ó. Carson tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ nìkan ló kù fún wa.

Kí ló fà á? Owó ni, àti àìka-nǹkan-sí. Fọ́nrán tí ilé iṣẹ́ Ampex gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde ní 1956 fẹ̀ ní íǹṣì méjì, íǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ sì ń kọjá lórí ẹ̀rọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ètò wákàtí kan ń jẹ 4,500 ẹsẹ̀ bàtà fọ́nrán. Ìdì kan tó gba wákàtí kan tó bíi 300 dọ́là nígbà náà. Ètò Carson ń gbà tó wákàtí méje ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Yàrá ń kún, akápò ń ráhùn. Ohun tó dára jù lára fọ́nrán yìí ló tún kó bá a: ó ṣeé pa rẹ́, ó ṣeé tún lò. Àwọn ọ̀gá sì ti gbà lọ́kàn ara wọn pé kò sẹ́ni tó máa béèrè àwàdà àná.

Ibi tí atọ́kùn fúnra rẹ̀ bá ti ni ètò, ọ̀tọ̀ ni bí ọ̀ràn ṣe rí. Nínú àdéhùn tí Carson bá NBC ṣe ní 1980, ètò di tirẹ̀, fọ́nrán láti 1972 síwájú sì rí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Inú ihò tí wọ́n ti wa iyọ̀ ní Hutchinson, ní Kansas, ni wọ́n kó o sí, tó 650 ẹsẹ̀ bàtà sábẹ́ ilẹ̀, níbi tí ooru kì í ti í gòkè sọ̀ kalẹ̀, tí ọ̀rinrin kò sì pọ̀. Ní 2010, wọ́n ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Dick Cavett tí ABC gbé dojú kọ Carson, ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ló ni ètò rẹ̀. Ìtàkúrọ̀sọ rẹ̀ pẹ̀lú òǹkọ̀wé James Baldwin àti olórin Jimi Hendrix ṣì wà tí a ń wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968, Yunifásítì Vanderbilt ní Nashville bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìròyìn alẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nígbà tó rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ka ìròyìn náà kò tọ́jú rẹ̀. CBS, ọ̀kan lára wọn, pè é lẹ́jọ́ ní 1973. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 1976 ló gbèjà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì ní kí Library of Congress, ilé ìkàwé àpapọ̀ Amẹ́ríkà, dá àká tẹlifíṣọ̀n àti rédíò sílẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún Carson ti New York.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kọ̀ǹpútà ti yanjú ọ̀ràn yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Paramount, tó ni ìkànnì àwàdà Comedy Central, kó àká fọ́nrán rẹ̀ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ará ìlú ti ń wo The Daily Show láti ìgbà tí Jon Stewart gbà á ní 1999, àti The Colbert Report tí Stephen Colbert ṣe láti 2005 sí 2014. Wọ́n ní kí òǹwòran lọ sanwó sí Paramount+, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kò sí. A kò sọ pé wọ́n pa ojúlówó rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n fọ́nrán tí olùkọ́, oníròyìn àti ọmọ ilé ìwé kò lè fojú kàn, kí ni àǹfààní rẹ̀? Ní oṣù keje ọdún 2025, CBS, tó wà lábẹ́ Paramount kan náà, kéde pé ètò alaalẹ́ tirẹ̀, The Late Show, yóò kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2026. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó ni. Apá tí David Letterman ṣe láti 1993 wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Letterman, Worldwide Pants. Apá ti Colbert, láti 2015, CBS ló ni ín. Ọkàn wa kò balẹ̀ lórí èyí ìkẹyìn yìí.

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Art Alade ṣe Bar Beach Show lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tó bá fẹ́ wò ó lónìí, ta ni yóò lọ bá? Teju Babyface gbé ìlànà alaalẹ́ ti Amẹ́ríkà, tábìlì, ẹgbẹ́ olórin àti gbogbo rẹ̀, wá sí Èkó. Ọ̀pọ̀ atọ́kùn wa ló ń ra àsìkò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, tí ètò sì jẹ́ tiwọn. Kí wọ́n má ṣe fi ojúlówó sílẹ̀ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ nìkan, kí wọ́n má sì gbójú lé YouTube: ó máa ń fún àwòrán pọ̀, wọ́n sì lè ti ojúlé ẹni níbẹ̀ pa nígbàkígbà.

Iṣẹ́ àtúngbà fọ́nrán, ìyẹn gbígbé ohun tó wà lórí rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà, kò fẹ́ ìkánjú. Ike pẹlẹbẹ ni fọ́nrán, ìyẹ̀fun irin ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù yìí máa ń fa ọ̀rinrin. Bí ẹ̀rọ amúlétutù yàrá bá ti bàjẹ́ ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, fọ́nrán á máa bu bíi búrẹ́dì, gọ́ọ̀mù á sì rọ̀. Ẹni tó bá ki irú rẹ̀ bọ ẹ̀rọ láti fi dán an wò yóò gbọ́ tó ń han gooro. Ìyẹ̀fun á há sórí ẹ̀rọ, àwòrán á sì pòórá, ohun tó bá ti ṣí kúrò lára ike kò sì ṣeé dá padà. Ojú àti imú ni kí a kọ́kọ́ lò. Èyí tó bu, ẹ yà á sọ́tọ̀ kó má baà ran ìyókù, kí ẹni tó ń nù ún sì fi ìbòmú bo imú. Èyí tó ń lẹ̀, inú àpótí ooru tó dúró sójú kan láàárín 50 sí 55 °C ni wọ́n ń gbé e sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ààrò ilé ìdáná kò ṣeé lò, nítorí ooru rẹ̀ ń fò sókè. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀, nítorí náà ìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e sórí ẹ̀rọ ni kí wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ ínfátà: bí iná bá lọ níbi tí fọ́nrán ti ń yí, ó lè há, ó sì lè já. Irú fọ́nrán tó ń jẹ́ U-matic ni kó ṣáájú, kí èyí tó ń jẹ́ Betacam tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ẹ̀rọ U-matic mọ́. Èyí tó ti kú ni wọ́n ń tú láti fi tún èyí tó kù ṣe.

MP4 nìkan kò tó. FFV1 nínú Matroska, ìlànà kan tí wọ́n fi ń tọ́jú fídíò sórí kọ̀ǹpútà, kì í já ohunkóhun sọnù, wákàtí kan sì máa ń tó 40 sí 50 GB. Wákàtí 1,000 yóò wà láyìíká 45 TB, fọ́nrán kọ̀ǹpútà LTO-9 mẹ́ta yóò sì gbà á, nítorí 18 TB ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn, ẹ má sì ju ojúlówó nù.

Àwọn ilé iṣẹ́ yóò sọ pé dúkìá àwọn ni. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń gbé ètò gbà jẹ́ ti gbogbo ìlú, ìwé àṣẹ ìjọba ni wọ́n sì fi ń lò ó. Ilẹ̀ Faransé ti fi òfin 1992 sọ ọ́ di dandan kí ẹ̀dà ètò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà nípamọ́ fún aráàlú, INA, àjọ ìjọba ibẹ̀ tó ń tọ́jú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀, ló sì ń bójú tó o. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá ṣe irú rẹ̀: kí ilé iṣẹ́ má lè pa fọ́nrán rẹ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi lọ atọ́kùn rẹ̀ àti àká fíìmù, fídíò àti ohùn ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Jos, kí wọ́n sì fún àká náà ní owó, iná àti òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́. Kí òfin yẹn tó dé, NTA àti àwọn ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí nípa kíka fọ́nrán tó wà nílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ètò, déètì, atọ́kùn, àlejò, irú fọ́nrán àti bó ti rí sílẹ̀, kí wọ́n sì tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde fún gbogbo ènìyàn. Ìwé, bírò àti akọ̀wé méjì ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́.