Ilé-Ẹjọ́ Ti Sọ̀rọ̀ Lórí Ọlọ́pàá Tó Lóyún. Ti Tísà Ńkọ́?

Ìdájọ́ tí ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ dá ní Àkúrẹ́, lórí ọlọ́pàábìnrin tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ ní Iye-Èkìtì ní 2021, dùn mọ́ wa nínú, a ò sì ní fi bò. Adájọ́ ní abala 127 nínú ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá, èyí tó ní kí wọ́n yọ ọlọ́pàábìnrin tó bá lóyún láìtíì lọ́kọ, ta ko òfin ilẹ̀ wa. Ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 5 náírà fún un. Láti 1968 ni ìlànà yẹn ti wà nílẹ̀, kò sì síbi tó ti ní kí wọ́n yọ ọlọ́pàákùnrin tó fún ọmọge lóyún. Àbí afẹ́fẹ́ ló gbé oyún náà wá?

Owó gbà-má-bìínú dára, ṣùgbọ́n kò lè dípò iṣẹ́. Owó oṣù ni obìnrin fi ń dá àjọ, òun ló fi ń yáwó ní kọ́ọ̀póréétìfù, òun ló fi ń ra oògùn ibà lóru láì kọ́kọ́ jí ẹnikẹ́ni béèrè owó. Ẹni tí wọ́n gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ bímọ, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹni tí yóò máa wojú ẹlòmíràn kó tó jẹun. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ta ko ìwà ipá, ti 2015, kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn fi tipá sọ ẹlòmíràn di ẹni tí kò lè dá dúró nídìí owó. Nínú ilé, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Níbi iṣẹ́, wọ́n á ní ìlànà ni.

A gbọ́dọ̀ yin ìjọba Èkìtì fún ipa tó kó. Nígbà tí Wálé Fápohùndà jẹ́ kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́, òun ló gbé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá lọ sílé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Adó lórí abala yìí kan náà. Ìpínlẹ̀ yìí ti ṣe òfin tó ta ko ìwà ipá sí obìnrin láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Ṣùgbọ́n ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí ìjọba yìí bá ọlọ́pàá jà lé lórí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní ilé-ìwé aládàáni káàkiri ìpínlẹ̀ yìí, a ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, a sì tún ń sọ ọ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní àbúrò tó ń ṣe tísà ní Adó, ní Ìkéré tàbí ní Ìkọ̀lé mọ bó ṣe máa ń lọ. Ikùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, onílé-ìwé á rẹ́rìn-ín músẹ́: “Àǹtí, Ọlọ́run á sọ̀ yín láyọ̀ o. Ẹ kúkú máa lọ sinmi, ẹ ò rí bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń wú?” Kò sí ìwé, kò sí ọjọ́ ìpadàbọ̀. Kó tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọmọdébìnrin kan tí kò tíì gba èsì ìdánwò rẹ̀ ti jókòó sídìí tábìlì Àǹtí, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì tí Àǹtí fowó ara rẹ̀ rà kọ̀wé sójú pátákó. Bí ìyálọ́mọ bá padà lọ béèrè iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní kó ní sùúrù di sáà tó ń bọ̀. Sáà yẹn kì í dé.

Bẹ́ẹ̀, abala 54 nínú òfin iṣẹ́ ti 1974 ṣe kedere. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ìdajì owó oṣù rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fún un níwèé ìdádúró nígbà tó bá wà nílé. Bó bá padà dé, tó ṣì ń fọ́mọ lọ́mú, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọdún 22 ni òfin yìí fi ju ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ lọ.

Bí a bá sọ báyìí, èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ọwọ́ ìpínlẹ̀ kò tó o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ọlọ́pàá? Ṣebí ìjọba àpapọ̀ náà ni, ẹ sì pè wọ́n lẹ́jọ́! Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ló ń fún ilé-ìwé aládàáni níwèé àṣẹ. Òun ló ń rán àwọn alábẹ̀wò lọ ka yàrá ìkàwé, tí wọ́n ń yọjú wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó lè ka ṣáláńgá lè ka ìwé owó oṣù. Àwáwí yìí ti sú wa.

Àwọn onílé-ìwé ní tiwọn ń sọ pé àwọn òbí kì í tètè sanwó, àwọn ò lè máa san owó tísà méjì fún kíláàsì kan. Òótọ́ wà níbẹ̀, pàápàá fún ilé-ìwé kéékèèké. Ṣùgbọ́n oyún kì í déédéé já luni lóru. Àyè wà láti múra sílẹ̀. Èyí tó ń bí wa nínú ni ti àwọn tó ń sọ pé ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó máa bọ́ ọ. Ní Èkìtì ibí? Ẹ bi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí a fi ń yangàn léèrè ẹni tó san owó ilé-ìwé wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò dárúkọ ìyá tó ń ta gààrí, tàbí èyí tó ń ru iṣu lọ sọ́jà.

Kí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá jẹ́ kí abala 127 kúrò nínú ìwé wọn pátápátá. Àwa ní tiwa, kọmíṣánnà fún ètò ẹ̀kọ́ la ń bá wí. Kó tó tún ìwé àṣẹ ilé-ìwé aládàáni kankan ṣe, kó fi ìbéèrè mẹ́ta kún fọ́ọ̀mù náà: tísà mélòó ló bímọ lọ́dún tó kọjá, mélòó nínú wọn ló padà sẹ́nu iṣẹ́, èló ni ẹ san fún wọn nígbà tí wọ́n wà nílé? Bí kò bá sí ẹni tí yóò bá a tẹ fọ́ọ̀mù náà ní ọ́fíìsì rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí wa. A ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.